Ibi Tí Humo Yóò Sùn

Ọjọ́ mọ́kànlá ni dókítà ojú dá fún mi ní Santiago.
Ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n ní kò pọ̀.
Ẹni tí kò lájá ló máa ń ka ọjọ́ báyẹn.

Nélida ọmọ mi ti fi fóònù yan ibì kan sílẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, kámẹ́rà wà níbẹ̀,
ẹ ó máa wò ó látorí ibùsùn yín."
Mo ní, ojú wo?
Ojú tí wọ́n fẹ́ fi báńdéèjì dì?

Ibẹ̀ náà la kọ́kọ́ lọ, èmi àti Humo,
afẹ́fẹ́ Punta Arenas ń tì wá lẹ́yìn bí ẹni tá a jẹ ní gbèsè.
Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Ògiri funfun bí eyín ọmọdé.
Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó na ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi:
iye owó ẹran, iye owó ìwẹ̀,
iye owó ìtàn tí wọn ó máa kà fún un lálẹ́.
Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ajá.
Mo fi imú wá òórùn ajá, n ò rí i;
ọṣẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Ibi tí ogójì ajá ń gbé tí kò rùn,
níbo ni wọ́n kó àwọn ajá náà sí?

Ìkejì wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe.
Barría ló ni ín, ó mọ̀ mí nígbà tí mo ṣì ń rẹ́ irun àgùntàn,
ó ní ìdajì owó lòun ó gbà lọ́wọ́ mi.
Humo dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó.
Mo fa okùn, ó di òkúta.
Mo yọjú wo inú: omi inú abọ́ ti di àwọ̀ ewé,
ajá pupa kan ń yí, ó ń yí lójú kan náà,
ó ti fi ẹsẹ̀ ya òbìrìkìtì sílẹ̀.
"Barría, mo dúpẹ́, màá padà wá."
Irọ́ ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀.

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Etí tèmi yìí ti lọ láti ọdún kẹta,
síbẹ̀ kò sọnù rí.
Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ mi:
bí mo bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ ní kíṣìnnì, a dìde.

Ìkẹta, ilé onípáánù ni, lójú ọ̀nà etíkun.
Danica Yutronic, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, irun ajá lára súwẹ́tà.
Kò dárúkọ owó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí Humo, kò wò ó lójú,
ó ń dúró.
Humo rò ó. Ó rò ó títí.
Ó wá gbé àgbọ̀n lé e lórúnkún.

Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́sàn-án sínú ìwé; òun ló ń bi mí.
Kí ló ń bà á lẹ́rù?
Ìgbálẹ̀. Iná tó bá ń ṣẹ́jú.
Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń sùn?
Mo ronú. Ọ̀tún.
Ta ló kú nílé yín?
Mo ní, ta ló sọ fún ọ?
Ó ní, "Ẹ̀yìn yín ló ń wò ní gbogbo ìgbà,
bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀."
Ọdún mẹ́rin. Rosalba.
Èmi gan-an ò wẹ̀yìn mọ́.

"Tí ẹ ò bá wá padà ńkọ́?"
Mo ní ojú lásán ni wọ́n fẹ́ ṣe.
Ó ní òun mọ̀. Bírò rẹ̀ ń dúró lórí ìwé.
Mo ka nọ́ńbà Nélida fún un, mo ṣì í ka lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi síwẹ́tà tí n ò tíì fọ̀ sílẹ̀ fún Humo.
Ó ní kí n má dágbére, n ò dágbére.
Nígbà tí mo bọ́ sẹ́yìn géètì, mo fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
jẹ́jẹ́, bí ti kíṣìnnì.
Afẹ́fẹ́ pọ̀. N ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti bu omi sí abọ́ rẹ̀ kí n tó rántí.
N ò dà á nù.